Kí ọmọ kàwé, kó sì yé e: ọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré ti ìjọ wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ilé-ìwé tí mo fẹ́ràn, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lọ, tí mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nípa irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìdí sì nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba dípò kí n fi í mọ sínú ìpàdé ìgbìmọ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere, ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn, kò sì ní yé wọn bí a kò bá fi Yorùbá kọ́ wọn ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì fi olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà, tí a ń san owó gidi fún, síwájú wọn.

N kò wá tàbùkù ilé-ìwé náà. Ó ní ohun rere tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ńláńlá kò ní. Àwọn ọmọ inú kíláàsì kan kì í ju ogún lọ púpọ̀. Olùkọ́ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó bí i, débi pé bí ọmọ kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, olùkọ́ á ti ránṣẹ́ lọ béèrè rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì kì í ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé náà. Owó rẹ̀ kò ga, nítorí pé àgbẹ̀, ọlọ́kadà, télọ̀ àti àwọn ìyá tó ń pàtẹ ata àti tòmátì lẹ́bàá títì ló pọ̀ jù nínú àwọn òbí, ìgbìmọ̀ sì máa ń gbà kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba tó sún mọ́ wa jù lọ, olùkọ́ kan ṣoṣo lè máa kojú ọmọ tó lé ní àádọ́rin, bẹ́ẹ̀ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni kó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò wá dá òbí lẹ́bi tó bá mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa? Nítorí pé a ní àwọn àǹfààní wọ̀nyí lọ́wọ́ gan-an ni ó ṣe dùn mí pé a kò lò wọ́n fún ohun tó yẹ kí a lò wọ́n fún.

Ní sáà tó kọjá, ìgbìmọ̀ ní kí n lọ jókòó ti àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, kí n gbọ́ bí wọ́n ti ń kàwé. Ọmọbìnrin kan dìde, yóò tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ka ìtàn kúkúrú kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn, nípa àgbẹ̀ kan tó kó iṣu rẹ̀ lọ sí ọjà, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì dákú sójú ọ̀nà. Kò kọsẹ̀ rárá. Bí ó ti gbóhùn sókè, bí ó ti ń sinmi níbi tó yẹ, ẹ ó rò pé ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣe ọkọ̀ náà, ó sì tún ìlà àkọ́kọ́ kà fún mi. Mo yí i sí Yorùbá: "Kí ló ṣe ọkọ̀ bàbá yẹn?" Ó wo àwòrán tó wà lójú ìwé fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, Màmá." Òótọ́ ni, àgbẹ̀ inú àwòrán náà ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí ló sọ. Ohun tó kà kò bá a sọ̀rọ̀ rárá.

A bọ́ sórí ìṣirò. Ìbéèrè inú ìwé wọn ní kí wọ́n pín ọsàn méjìlá dọ́gba fún ọmọ mẹ́rin, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí méjìlá, ó rí mẹ́rin, ó ro wọ́n pọ̀, ó sì kọ 16. Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Jẹ́ ká ní ìyá rẹ ra ọsàn méjìlá bọ̀ láti ọjà, ẹ̀yin ọmọ sì jẹ́ mẹ́rin nílé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jà." N kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi dáhùn pé mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní bí ọmọ ará ilé kejì bá wá dé ńkọ́, tí wọ́n di márùn-ún? Ó ronú díẹ̀, ó ka ìka rẹ̀, ó ní, "Méjì-méjì ló máa kàn wá, méjì á ṣẹ́kù, màmá mi á wá gé e." Ọmọ tó mọ èyí ti mọ ìpín, ó sì ti mọ àṣẹ́kù, èyí tí ìwé wọn kò tilẹ̀ tíì dé. Lẹ́yìn náà ni mo wo káàdì èsì ìdánwò rẹ̀: ó ṣe ipò kejì nínú kíláàsì, máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò sì lé ní 80. Mo béèrè bí ó ti rí i gbà, wọ́n sì fi àwọn ìbéèrè ìdánwò náà hàn mí. Àwọn gan-an ni wọ́n ti ṣe sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pẹ̀lú iye kan náà, tí àwọn ọmọ dà kọ sínú ìwé wọn, tí wọ́n sì há sórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí. Kì í ṣe òpè, kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn òbí rẹ̀ sì ń san owó ilé-ìwé. Ọgbọ́n tí a fẹ́ kọ́ ọ ti wà lára rẹ̀ kó tó wọ ọgbà wa, èdè tí ọgbọ́n náà wà nínú rẹ̀ sì ni èdè tí a ní kó fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. N kò fi ọ̀rọ̀ dárà. Pátákó kékeré kan wà ní ilé-ìwé wa tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni yóò gbé e kọ́ ọrùn, títí ọwọ́ yóò fi tẹ ọmọ mìíràn tó sọ ọ́, ẹni tó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu aago ìparí ilé-ìwé yóò san owó ìtanràn. Nípa bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kékeré ń ṣọ́ ẹnu ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn sùn, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì rọ̀ lọ́rùn kò kúkú sọ̀rọ̀ mọ́. Mo jókòó nínú kíláàsì náà láti àárọ̀ títí di ìgbà ìsinmi ọ̀sán, n kò sì gbọ́ kí ọmọ kan béèrè ìbéèrè. Báwo ni wọn yóò ṣe béèrè? Kí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó lè sọ pé "ibí yìí kò yé mi", ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún olùkọ́ náà pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò tó èyí tí a fi í ṣàlàyé nǹkan. Ó tó láti ka ìwé, ó tó láti kọ nǹkan sójú pátákó, ó sì tó láti ní kí àwọn ọmọ wí tẹ̀ lé òun. Nítorí náà kíkà, kíkọ àti wíwí tẹ̀ lé náà ni ẹ̀kọ́ dà. Bí ó bá fẹ́ sọ fún wọn ní Yorùbá bí ewéko ti ń fa omi láti inú ilẹ̀, yóò sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ń bẹ̀rù kí ọ̀gá ilé-ìwé má gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n ní Yorùbá wà nílé, Gẹ̀ẹ́sì làwọn torí rẹ̀ sanwó. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń fi Yorùbá gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, pé ọmọ olówó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú oyún, tiwọn kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì bá wọn jiyàn pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàtàkì. Èmi náà fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi gbọ́ ọ, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì fi jẹun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí a gbà yìí kì í gbé ọmọ dé ibi tí a ń lọ. Ọmọ olówó tí wọ́n ń tọ́ka sí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìyá, lẹ́nu bàbá àti nínú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà èdè tó mọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí a bá fẹ́ ṣe fún ọmọ ọlọ́kadà ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ olówó, a jẹ́ pé èdè tí ọmọ ọlọ́kadà náà mọ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀.

A kò ní àwáwí pé kò sí ẹni tó dán an wò rí. Ilé-ìwé ìjọ kan ni wọ́n ti dán an wò, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì jìn sí Ìbàdàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, àjọ afúnni-lówó kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó kọ́ nípa rẹ̀ ní àkànṣe ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi àwọn wọ̀nyí wé ń gba ẹ̀kọ́ bí ti gbogbo ilé-ìwé ìgbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ̀ àwọn méjèèjì, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé kíláàsì kẹfà ló mókè, kì í ṣe nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nìkan, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Apá ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí òbí kọ̀ọ̀kan tún kà. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àmì tó wà lójú ìwé ń sọ ohun kan, tó ti mọ bí a ti ń pe lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, tó sì ti mọ bí a ti ń wá ìdáhùn nínú ohun tí a kà, kì í tún àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kọ́ nígbà tó bá dé inú èdè kejì. Èdè náà nìkan ló kù tí yóò máa kọ́. Yorùbá sì rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni a ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sì í yí ohùn rẹ̀ padà láti inú ọ̀rọ̀ kan sí èkejì bí ó ti máa ń rí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà tí kò mọ ohunkóhun, tó fi máa di ìparí ọdún kan, ó ti ń ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ìyá wọn, tí ìyá ń sunkún, tí ọmọ sì mọ ohun tó mú kó máa sunkún.

Iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ náà gba owó, ó sì gba làálàá. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ní láti kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ti lò wọ́n. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo èyí láàárín wa, ní èdè wa, a pa á tì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé orílẹ̀-èdè òkèèrè ló ti ṣẹlẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1977 ní kí a máa fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀; a kò tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà; a kò rí ìwé, a kò rí olùkọ́ tí wọ́n kọ́ fún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, ó ní àwọn agbègbè tó ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, n kò gbà pé ìdí yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí a kò fi ìwé àti olùkọ́ gbè lẹ́sẹ̀, a kò lè sọ pé a ti dán an wò tó kùnà. Àjọ UNICEF ti sọ fún wa pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé e, tàbí kó ṣe ìṣirò tí kò le. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ kìíní bá ni oògùn rẹ̀, àwọn ilé-ìwé aládàáni tí kì í gbà kí ọmọ sọ Yorùbá ní ọgbà wọn ì bá ti wo àwọn tiwọn sàn tipẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun àwa ọmọ ìjọ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ìwé kíkà ní Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1843, tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ sì kó wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kúdẹtì, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí onígbàgbọ́ lè dá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kà fún ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe làálàá lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, tí àwọn ìjọ sì fi pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Ìjọba àmúnisìn ni kò ní in lọ́kàn. Òfin ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1882 gbé owó ìrànwọ́ ka orí Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fi nǹkan sílẹ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, tí iye ọmọ inú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan, àwọn ilé-ìwé ìjọ náà ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ra. Lẹ́yìn tí ìjọba ti gba àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn ní àwọn ọdún 1970, kékeré bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ ìjọ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, nínú gbọ̀ngàn, nínú ilé olùṣọ́-àgùntàn, lábẹ́ páànù lásán. Mo yin ìtara náà. Ṣùgbọ́n pátákó tí a fi okùn so mọ́ ọrùn ọmọ kò ti ọ̀dọ̀ Crowther wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ olùkọ́, èyí tó ṣòro jù láti sọ nínú ìgbìmọ̀ nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní, òfin ọdún 1993 sì ti dá àjọ TRCN sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ní ilé-ìwé wa, ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ kan péré ló ní NCE. Àwọn yòókù jẹ́ ọ̀dọ́ tó parí ilé-ìwé girama, tí wọ́n ń dúró de èsì JAMB. Bí wọ́n bá ti rí àyè wọ yunifásítì, wọ́n á lọ, a ó sì wá òmíràn. Olùkọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kíláàsì kẹta ti ní láàárín ọdún kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà; ohun tí à ń san fún olùkọ́ kíláàsì yìí kò tó ìdajì rẹ̀, ó sì máa ń ta káàdì ìpè àti omi inú ọ̀rá lẹ́yìn ilé-ìwé kí oṣù tó parí. Mo rí i tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fóònù máàkì ìwé àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀. N kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí.

Ìjọ kan náà ń kọ́ ilé alájà kan lọ́wọ́ fún ilé-ìwé yìí. A ti lẹ táìlì sí yàrá mẹ́rin, a sì ti san owó géètì tuntun. Ní ìparí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin, àwọn òbí ló sì san owó aṣọ, owó fọ́tò àti owó oúnjẹ. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò wá láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n wọn yàrá, wọ́n wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n wo odi, wọ́n sì béèrè owó tí ó yẹ kí a san. Wọn kò ní kí ọmọ kan kàwé fún àwọn. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ọmọ tí a kò kọ́ àti ilé tí a kọ́, a sì máa ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ pàápàá nígbà tí a bá ń tọrọ owó láti fi kọ́lé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára ìjọ kékeré lọ. Ẹ gbé pátákó yẹn sọnù ní ọ̀la. Èyí kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá láti kíláàsì kìíní títí dé ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà ní Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kó tó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé wọn lọ́wọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì ní àkókò tirẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, pẹ̀lú orin, eré àti ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sí ìjọ tí kò ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ní àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀ tó lè yọ̀ǹda. Bí àṣẹ tuntun ti ìjọba bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó wà nínú ìwé àti nínú ìdánwò, kò burú, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. N kò tíì rí àṣẹ tó ní kí olùkọ́ má ṣe ṣàlàyé títí yóò fi yé ọmọ.

Ní ti owó, mo fẹ́ kí owó ìkórè ọdún kan, ọ̀kan péré, lọ sórí owó oṣù olùkọ́ dípò táìlì, kí a fi gba ẹni méjì tó ní NCE fún kíláàsì kìíní àti ìkejì, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀wé tàbí kó pàdánù rẹ̀. Àwọn yàrá òkè lè dúró. Bí ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ládùúgbò kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilé-ìwé tí kò ní ju ọgọ́rin ọmọ lọ, bá lè para pọ̀ gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí yóò máa yípo láàárín wọn, yóò dára gan-an. Mo mọ̀ pé èyí le láàárín ìjọ tí kì í jọ kọrin papọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá kan náà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí máa ṣe fúnra wọn, àní àwọn tí kò mọ̀wé pàápàá. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, ẹ ní kó ka ojú ewé kan fún yín, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín ní Yorùbá, kó sì dáhùn ìbéèrè kan tàbí méjì nípa rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó mọ̀ bóyá ìtàn tó sọ nítumọ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má ṣe nà án. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí òbí mẹ́wàá bá béèrè bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan, ìgbìmọ̀ èyíkéyìí yóò gbọ́ ọ kíákíá ju bí wọn yóò ti gbọ́ tèmi lọ.

Ìgbìmọ̀ wa yóò jókòó nígbà ìsinmi gígùn, kí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Mo ti kọ̀wé béèrè pé kí ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́ kíláàsì kìíní ṣáájú ọ̀rọ̀ ilé alájà nínú ètò ọjọ́ náà, kí wọ́n sì pe ọmọ mẹ́ta láti kíláàsì kẹta wọlé kí wọ́n wá kàwé fún wa kí a tó dìbò. Bí àwọn alákòóso ilé-ìwé ìjọ mìíràn bá wà tí wọ́n ti ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì rí ìyàtọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ̀wé sí ojú ewé yín kí ìpàdé náà tó wáyé, kí n lè mú ọ̀rọ̀ wọn dání lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.